Kòkòrò pa igi orí òkè: ṣé omi ìsun yóò wá pọ̀ sí i ni?

Ìbéèrè láti ẹsẹ̀ òkè Ṣábẹ̀ẹ́, ní Bẹ̀nẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Abúlé wa wà lẹ́sẹ̀ òkè níbí. Láti ọdún tó kọjá ni igi ti ń kú lórí òkè wa. Ewé á kọ́kọ́ pọ́n, á wọ́ dànù, igi á wá dúró gbẹ bí ọ̀pá. Gbogbo èèyàn ní kòkòrò ni. Bàbá kékeré mi ní ká má wulẹ̀ banú jẹ́, pé igi ló ń fa omi mu, bí igi bá kú, ìsun tí a ń pọn yóò pọ̀ sí i. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ lórí rédíò pé kòkòrò pa igi orí òkè ní Amẹ́ríkà, omi odò sì pọ̀. Àwọn eléédú ti dé báyìí. Wọ́n fẹ́ ra igi gbígbẹ, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé ká jẹ́ káwọn mú díẹ̀ nínú tútù mọ́ ọn. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìpàdé abúlé. Kí ni kí n wí?

* * *

Èsì mi àkọ́kọ́

Àbúrò, bàbá kékeré rẹ kò purọ́. Ìròyìn tí wọ́n gbọ́ ló ti gbó.

Iṣẹ́ pọ́ǹpù ni mò ń ṣe. Láti Ṣábẹ̀ẹ́ títí dé ọ̀nà Kilibo, bí fọráàjì, ìyẹn kànga tí a fi ẹ̀rọ gbẹ́, bá dákẹ́, èmi ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí. Ọ̀rọ̀ pé igi ló ń mu omi wa kò ṣàjèjì sí mi rárá. Pọ́ǹpù á dákẹ́ nínú ọyẹ́, ìrókò tó wà nítòsí ni wọ́n á nàka sí. Nígbà tí mo bá tú u, rọ́bà inú rẹ̀ ló ti gbó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rédíò yẹn ti ṣẹ̀ rèé. Ní òkè Colorado, ìjì kan jà ní 1939, ó wó igi sílẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Kòkòrò abẹ́ èèpo bímọ sínú àwọn tó wó, ọmọ wọn bọ́ sára àwọn tó dúró, wọ́n sì ń pa igi fún ọdún bíi mẹ́wàá. Àwọn tó ń wọn omi odò White River wá rí i pé omi pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ gé igi ní Fool Creek, ní Colorado kan náà, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn sínú odò kékeré náà, láàárín 1954 sí 1956. Omi odò kékeré yẹn náà pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ara wọn níbẹ̀ fún àádọ́ta ọdún nìyẹn.

Nígbà tí kòkòrò mìíràn wá gbòde lẹ́yìn 1996, gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa omi ló ń retí pé odò yóò kún. Odò kò kún.

* * *

Kòkòrò wo tiẹ̀ ni?

Ẹnìkan nínú àwọn tó ka èsì mi bi mí pé kí ni kòkòrò lè fi odindi igbó ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, torí ibẹ̀ ni àlàyé yòókù wà.

Kòkòrò Amẹ́ríkà tó gbòde lẹ́yìn 1996 yẹn, dúdú ni, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Igi páìnì ló ń bá jà. Abo ló ń kọ́kọ́ lu ihò wọ èèpo, á tú òórùn kan jáde tó fi ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì ya bo igi kan náà. Igi kì í gbà fún wọn bẹ́ẹ̀. Á da oje sí ojú ihò, á fi oje tì wọ́n jáde. Igi tó mu omi yó lè ṣẹ́gun. Lọ́dún ọ̀dá, oje kì í tó, ìgbà náà ni wọ́n ń ráyè. Ẹyin wọn á pa sábẹ́ èèpo, ìdin á máa jẹ kiri. Lẹ́nu wọn sì ni wọ́n ti gbé nǹkan kan wá, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu, tó ń sọ inú igi di aláwọ̀ búlúù tó sì ń dí gbogbo ọ̀nà tí omi ń gbà gun òkè. Bí páìpù tí yanrìn dí gẹ́ẹ́ ni. Igi wà lórí ìdúró, omi wà nílẹ̀, òǹgbẹ sì ń pa á. Lọ́dún kejì ewé á pọ́n, lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́ta sí mẹ́rin á wọ́ tán.

Òtútù tó le gan-an, tó ń lọ sí bí 40 sísàlẹ̀ òdo, ló ń pa ìdin wọn láyé àtijọ́. Òtútù yẹn kò wá bó ṣe ń wá mọ́. Ní Colorado nìkan, igbó tí wọ́n kọlù tó mílíọ̀nù 1.4 hẹ́kítà. Ní British Columbia ní Kánádà, ó tó mílíọ̀nù 18. Kí ẹ lè mọ bó ṣe tó: gbogbo orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa, láti etí òkun títí dé odò Ọya, kò pé mílíọ̀nù 12 hẹ́kítà.

* * *

Níbo wá ni omi náà gbà lọ?

Èrò tí ọ̀pọ̀ nínú yín kọ síbí ni pé igi kú, kò mu omi mọ́, ohun tí kò mu ti kù fún wa. Ìṣirò yìí dára bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń mu nínú ìkòkò. Àwọn tó ń mu pọ̀.

Omi orí òkè tọ̀hún kì í ṣe òjò bíi tiwa. Òjò dídì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Á kó jọ sórí òkè ní gbogbo ìgbà òtútù, á yọ́ ní nǹkan bí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, odò á sì gbé e wálẹ̀. Odò Colorado nìkan ń bọ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 40 èèyàn, torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún wọn.

Igi tútù máa ń fi ewé gba díẹ̀ nínú òjò dídì yẹn, èyí tó gbà kì í délẹ̀, atẹ́gùn á gbẹ ẹ́ lọ. Igi tí ewé rẹ̀ ti wọ́ kò gba nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ ń délẹ̀. Títí débẹ̀ bàbá kékeré jàre. Àmọ́ igi kan náà ló ń ṣíji bo èyí tó ti wà nílẹ̀. Ìbòòji lọ, oòrùn ń ràn sí i gbangba, atẹ́gùn ń fẹ́ lé e lórí, ó sì ń lọ láì tiẹ̀ yọ́ rárá.

Ẹnìkan bínú sí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ó ní báwo ni ohun dídì ṣe lè lọ láì di omi. Ẹ wo káńfọ̀ inú àpótí aṣọ ìyá yín. Ẹ fi mẹ́rin sáàárín aṣọ òkè lẹ́yìn Iléyá. Nígbà tí ẹ bá máa ṣí i fún ìgbéyàwó ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹyọ kan níbẹ̀, aṣọ kò sì rin. Ṣé ẹ rí i? Òórùn ló kù.

Èyí tó yọ́ tó sì wọlẹ̀ náà ní olówó tó ń dúró dè é. Koríko àti igi kéékèèké abẹ́ igbó, tí àwọn igi ńlá ti ń fi òjìji pa tẹ́lẹ̀, rí oòrùn, wọ́n dìde, wọ́n ń mu. Àwọn igi tí kòkòrò kò fọwọ́ kàn náà ń mu ìpín àwọn tó kú. Ibí ni kòkòrò ti yàtọ̀ sí ayùn. Ayùn ń gé gbogbo igbó lọ́jọ́ kan. Kòkòrò ń pa á lọ́kọ̀ọ̀kan, ọdún lórí ọdún, àwọn yòókù á ti ráyè fẹsẹ̀ gbòòrò. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò Fool Creek kò fi lè jẹ́rìí fún ọ̀rọ̀ kòkòrò, mi ò sì mọ ìdí tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó rí i.

Ní 2015 ni wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn odò Colorado tí kòkòrò pa igi etí wọn. Àlékún tí wọ́n ń wá, wọn kò rí i. Níbi tó gbẹ ju ibẹ̀ lọ, ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kan náà, omi odò tiẹ̀ dínkù lẹ́yìn tí igi kú. Ohun kan yí padà ní Colorado ṣá o: ìwádìí 2014 fi hàn pé apá tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ wá nínú omi odò pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100, torí igi tó kú kò fa ti abẹ́ ilẹ̀ mọ́. Bàbá kékeré lè gba ìyẹn mú bó bá wù wọ́n. Apá tó ti abẹ́ ilẹ̀ wá ló pọ̀, kì í ṣe gbogbo omi.

* * *

Sí ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ ní kí ló kàn wá pẹ̀lú òjò dídì, pé ẹ̀yin ń ṣí ẹ̀rọ omi nílé, omi ń dà. Ẹ kú oríire. Àwa níbí ń to bídọ́ọ̀nù sórí ìlà láago mẹ́rin ìdájí.

Òótọ́ ni pé òjò dídì kò sí ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ohun tó wà ni òkúta. Ilẹ̀ tiyín ní Àjàṣẹ́ jẹ́ yanrìn àti amọ̀ tó jinlẹ̀, omi wà nínú rẹ̀ bí omi inú kànìnkànìn. Tiwa, òkúta líle ló wà nísàlẹ̀. Omi tí mò ń fà wà nínú ilẹ̀ tó rọ̀ tó bo òkúta náà, àti nínú ojú ibi tí òkúta ti sán. Mo ti rí fọráàjì méjì tí kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ síra wọn. Ọ̀kan ń tú omi títí, èkejì gbẹ bí eegun. Ará Kétu náà á sọ tirẹ̀ fún yín, ibẹ̀ kànga jìn débi pé okùn ló máa ń kọ́kọ́ rẹ èèyàn.

Ọ̀rọ̀ wa níbí wá ni pé: òjò tó ń rọ̀, nǹkan bí 1,100 mílímítà lọ́dún, mélòó ló ń wọlẹ̀ dé ibi sísán yẹn, mélòó ló ń ṣàn gba ojú ilẹ̀ lọ sí odò Ọ̀kpárà?

Àwọn kan kọ ọ́ gbàgàdà pé igi ń pe òjò, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi kankan. Àwọn kan ní igi ń mu omi, ẹ gé e. Mi ò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú yín. Ìwádìí kan wà tí kò jìnnà sí wa, ní Saponé ní Burkina Faso, nínú oko tí igi ẹmì dúró káàkiri, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016. Níbi tí kò sí igi rárá, ilẹ̀ le, òjò ń ṣàn lọ, oòrùn sì ń gba ìyókù. Níbi tí igi ti há jù, igi ń mu ún tán. Níbi tí igi wà níwọ̀n ni omi ti ń wọlẹ̀ jù, torí gbòǹgbò àti àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ abẹ́ igi máa ń ṣí ilẹ̀ sílẹ̀, omi á rí ọ̀nà wọlé. Ìwọ̀nba igi. Ó dun ẹgbẹ́ méjèèjì, mo mọ̀.

Bí àwọn eléédú bá wá kó gbígbẹ àti tútù lórí òkè yín, àbúrò, ẹ ti kúrò ní ìwọ̀n nìyẹn. Òkè yín kì í ṣe oko títẹ́jú, òkúta ni pẹ̀lú erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí. Òjò kan péré tó láti gbá erùpẹ̀ náà lọ.

* * *

Nípa pé omi náà pọ́n

O kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìbéèrè rẹ pé omi ìsun ti ń pọ́n bí tíì láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Èyí bà mí lẹ́rù ju bóyá ó pọ̀ tàbí kò pọ̀.

Ewé tó ń jẹrà àti èèpo ló ń mú omi pọ́n. Ní Colorado, ibi tí kòkòrò pa igi sí, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fọ omi rí i pé ohun jíjẹrà pọ̀ nínú omi tó ń wọlé. Bí kiloríìnì, oògùn tí wọ́n ń dà sí i láti pa kòkòrò àìrí, bá pàdé rẹ̀, àwọn èròjà kan á jáde tí kò dára fún ara bí èèyàn bá ń mu ún fún ọdún púpọ̀. Ní Jámánì, nínú igbó Bavaria, náítíréètì, ohun inú ilẹ̀ tí gbòǹgbò igi ń jẹ, ló pọ̀ sí i nínú omi abẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn tí kòkòrò pa igi wọn, torí kò sí gbòǹgbò tí yóò jẹ ẹ́ mọ́.

Obìnrin kan ní kí a da Jàfẹ́lì, oògùn olómi tí a fi ń fọ aṣọ funfun, sí i, ọ̀rọ̀ parí. Màmá, ẹ má bínú, kò parí. Bí ewé bá pọ̀ nínú omi, ewé ni Jàfẹ́lì máa kọ́kọ́ lọ bá jà, agbára rẹ̀ á tán níbẹ̀, kòkòrò àìrí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru á wà bó ṣe wà. Ẹ fi aṣọ funfun tí a ṣẹ́ mẹ́rin sẹ́ omi náà, ẹ jẹ́ kó silẹ̀ di àárọ̀, ẹ rọra da ti òkè rẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn, kí ẹ tó fi Jàfẹ́lì sí i ní ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ìlera bá sọ fún yín. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́ èyí kó wá ní òun kò lo Jàfẹ́lì mọ́ torí èròjà tí mo dárúkọ. Ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

* * *

Ọ̀rọ̀ kajú tó gba ọ̀rọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́

Ẹ ti yí i sí kajú o. Kò burú, èmi náà ní hẹ́kítà kan àbọ̀.

Kòkòrò tó ń gé ẹ̀ka kajú kì í ṣe irú ti Amẹ́ríkà yẹn. Tiwa tóbi, ìwo rẹ̀ gùn gan-an, ìlà dúdú àti èyí tó pọ́n bí ọsàn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Á jókòó sórí ẹ̀ka, á máa fi ẹnu gé e yípo bí ẹni ń fi ọ̀bẹ gé ìrèké, títí ẹ̀ka á fi ṣẹ́. Inú apá tó ṣẹ́ yẹn ló ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń dàgbà. Ẹ ṣa ẹ̀ka tó bá já, kí ẹ sun ún.

Mo mọ èyí, mi ò sì ṣe é. Lọ́dún kan mo kó gbogbo ẹ̀ka tó já, mo ní igi ìdáná ọ̀fẹ́ ni, mo tò ó sẹ́yìn ilé, lẹ́bàá oko. Ìyàwó mi ní òun ń gbọ́ nǹkan tó ń họ inú igi náà lóru. Mo ní eku ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, igi kajú mẹ́tàdínlógún ni wọ́n gé lápá.

Àwọn tó ń béèrè kòkòrò ẹmì, èyí tí àwọn kan ń pè ní kanni: ìyẹn ń jẹ ewé tán lórí igi, ó sì ń dẹ́rù bani, àmọ́ igi máa ń tún ewé hù. Ẹ ṣà á, ẹ dín in, ẹ jẹ ẹ́.

Àbúrò, èyí ló mú mi padà sọ́dọ̀ rẹ. Gbogbo wa ti ń jà lórí kòkòrò, kò sì sí ẹni tó ti wo igi náà. Irú kòkòrò wo? Gun òkè lọ. Wá ihò wẹ́wẹ́ lára igi, àti lẹ́búlẹ́bú igi bí gaàrí nídìí rẹ̀. Fi àdá ká èèpo kan, wo ọ̀nà tí ìdin jẹ lábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ikán nìkan lo rí, rántí pé ẹ̀yìn ikú ni ikán sábà máa ń dé.

* * *

Ẹni tó bèèrè padà dé

Ẹ̀gbọ́n, mo gun ún lánàá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan. Igi mọ́kànlá la yẹ̀ wò. Mẹ́rin ní ihò àti lẹ́búlẹ́bú bí ẹ ṣe wí. Méje yòókù kò ní ihò kankan. Ikán ti fi erùpẹ̀ bo ìdí wọn. Nígbà tí a họ erùpẹ̀ náà kúrò, a rí i pé wọ́n ti bó èèpo wọn yípo, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, gbogbo rẹ̀ wà ní ibi tí kò ga ju orúnkún lọ, níbi tí koríko ti bò ó.

* * *

Èsì mi

Bí wọ́n bá bó èèpo igi yípo bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tí ewé ń sè kò ní lè dé gbòǹgbò mọ́. Ó lè gba oṣù púpọ̀ kí igi tó kú, ẹni tó bó o á ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Má dárúkọ ẹnikẹ́ni. O kò rí ẹnikẹ́ni. Gé ibi ojú ọgbẹ́ ọ̀kan nínú wọn bọ̀, èyí tí ojú àdá ti hàn dáadáa, kí o gbé e lọ sí ìpàdé. Gbé èèpo ọ̀kan nínú àwọn tó ní ihò lọ pẹ̀lú. Tò wọ́n síwájú àwọn àgbà, kí o sì jókòó.

* * *

Ẹni tó bèèrè, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú

A ti ṣe ìpàdé náà. Èmi ò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Àwọn eléédú kò tiẹ̀ wá. Bàbá kékeré gbé èyí tí ojú àdá wà lára rẹ̀, wọ́n yí i síwá, yí i sẹ́yìn, wọ́n sún mọ́ àtùpà, wọ́n wá bi gbogbo ilé pé, "Kòkòrò wo ló ń lo àdá?"